Ọjọ́ tí mo gbé àsíá sókè

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo sì ti ń sọ fún ara mi pé mo máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe pé ó dùn mọ́ mi láti máa tú àṣírí ara mi o, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn ọmọ tó ń wọ kílọ́ọ̀bù wa báyìí, àtàwọn òbí tó ń tẹ̀ lé wọn wá, ohun tí wọ́n mọ̀ sí ìwà tó yẹ lórí pápá kò ju kéèyàn má bú èèyàn, kó bọ ẹnìkejì lọ́wọ́ tí eré bá parí, ó tán. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ò mọ̀, ó dìgbà tí mo ṣe ohun tí kò dáa kó tó yé mi.

Kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù àdúgbò ni tiwa, kò sẹ́ni tó ń gbowó níbẹ̀, àwa la ń fa laìnì, àwa la ń so nẹ́ẹ̀tì, àwa náà la ń fọ jẹ́sì. Tá a bá ní màáṣì líìgì, rẹfirí kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń rán wá, kò sí pé wọ́n fi láínsìmán méjì tì í bíi tàwọn tí à ń wò lórí tẹlifíṣàn, torí náà kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló máa fa ẹnì kan kalẹ̀ tó máa di àsíá mú. Ó lè jẹ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó lè jẹ́ òbí kan, ó lè jẹ́ ẹni tó fara pa. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi ni mo fara pa, ọrùn ẹsẹ̀ mi ti wú láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n bá gbé àsíá lé mi lọ́wọ́.

Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí, góòlù kan sí kan la wà. Ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ nọ́ńbà 11 nínú àwọn tí à ń bá gbá bá wọn yọ láàárín àwọn bẹ́ẹ̀kì wa, wọ́n ta bọ́ọ̀lù sí i láti àárín pápá, gbogbo bẹ́ẹ̀kì wa ti sáré jáde kí wọ́n lè fi í sínú ọ́fúsáìdì, ìyẹn ni pé kó ti kọjá bẹ́ẹ̀kì wa tó gbẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ta bọ́ọ̀lù sí i, kí góòlù ẹ̀ má bàa wọlé, àfi ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀kì òsì wa ò jáde. Ibi tó wà kò jìnnà sí mi rárá, bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè, òun nìkan ló kù lẹ́yìn, mo rí i bí mo ṣe ń rí ọwọ́ ara mi yìí. Ọmọ yẹn ò sí nínú ọ́fúsáìdì. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó yẹ gólì wa sílẹ̀, ó gbá a wọlé.

Mo gbé àsíá sókè.

Mi ò rò ó. Mi ò jókòó kí n gbèrò pé mo fẹ́ ṣe òjóró, apá mi ló lọ sókè kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, àmọ́ nígbà tó ti lọ sókè tán mo mọ̀, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Mo ní bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láti sọ ọ́ kalẹ̀. Rẹfirí wà lọ́nà jíjìn, láàárín pápá, ó bojú wò mí, ó rí àsíá, ó fọn fèrè, góòlù ti lọ.

Ọmọ yẹn ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó bú mi, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọ̀ mí lọ́rùn, torí tí wọ́n bá bú èèyàn èèyàn á rí nǹkan fi gbèjà ara ẹ̀. Ó kàn wo bẹ́ẹ̀kì wa tó ṣì di ìbọ̀sẹ̀ mú, ó wo mí, ó tún wo bẹ́ẹ̀kì wa, ó yí padà, ó sáré lọ sí àyè ẹ̀.

Eré parí sí 1-1. Àwọn tiwa ń gbá mi léjìká, kóòṣì ní “àsíá ẹ yẹn ló kó wa yọ lónìí o”, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ padà sínú eré mọ́, àsíá ni kí n máa mú, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń tú nẹ́ẹ̀tì mo rí ọmọ nọ́ńbà 11 yẹn lókèèrè, ó jókòó sílẹ̀, ó ń tú okùn bàtà ẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Inú mi kàn bà jẹ́ wẹ́rẹ́ báyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú kílọ́ọ̀bù wa tó máa ń tọ́jú bọ́ọ̀lù àti jẹ́sì, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà tí gbogbo èèyàn ti lọ tán ni wọ́n pè mí.

“Níbo lo dúró sí nígbà tó o gbé àsíá yẹn?”

Mo ní, “Orí laìnì ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo mọ̀ pé orí laìnì ni. Ta lo bá dọ́gba?”

Mo dákẹ́. Ẹ wò ó, ẹnikẹ́ni tó bá ti di àsíá mú rí mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń sọ. Ẹni tó di àsíá mú, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa bá ẹnì kejì láti ẹ̀yìn nínú àwọn tó ń dènà dọ́gba, bí onítọ̀hún bá lọ síwájú kó tẹ̀ lé e, bó bá padà sẹ́yìn kó tẹ̀ lé e, torí tó o bá yà ju ìgbésẹ̀ kan lọ ojú á máa tàn ẹ́. Mo dúró síbi tó yẹ kí n dúró sí. Mo bá bẹ́ẹ̀kì òsì wa dọ́gba. Kò sí pé mi ò rí.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ̀yìn góòlù wa ni mo wà, mò ń kó bọ́ọ̀lù. Èmi náà rí ìbọ̀sẹ̀ yẹn.” Wọ́n ká àwọn àsíá méjèèjì pọ̀, wọ́n tì wọ́n sábẹ́ apá. “Àsíá yìí kì í ṣe tiwa o. Rẹfirí ló yá wa lójú ẹ̀.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò ní kí n ṣe báyìí, wọn ò ní kí n má ṣe báyìí, wọ́n lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo wá nọ́ńbà akọ̀wé kílọ́ọ̀bù kejì, mo pè é, mo ṣàlàyé. Ohùn mi ń gbọ̀n. Mo ní góòlù yín dáa, èmi ni mo di àsíá mú, mo rí i pé kò sí ọ́fúsáìdì. Ó dákẹ́ pẹ́ tó fi jẹ́ pé mo rò pé laìnì ti já. Ó wá ní kò sí ohun tá a lè ṣe sí i mọ́, òótọ́ sì ni, torí ohun tí rẹfirí bá ti dájọ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré, títí kan pé góòlù wọlé tàbí kò wọlé, abẹ gé e nìyẹn. Póíǹtì mẹ́ta tó yẹ kó jẹ́ tiwọn, ẹyọ kan ni wọ́n mú lọ. Ó ní òun máa sọ fún ọmọ náà. Ó ní òun dúpẹ́ pé mo pè.

Mo rò pé ó ti tán síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa ló ti wá le. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní tréníìnì, àwọn kan ní mo tà wọ́n, ẹnì kan bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́, bẹ́ẹ̀kì òsì ní ṣe ni mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ò gbọ́ nígbà tí wọ́n pariwo pé kí wọ́n jáde, òun àti ẹnì kan mìíràn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún bí oṣù kan. Kóòṣì ò bínú, kò sì yìn mí, ó kàn ní ká bẹ̀rẹ̀ eré. Ọ̀rọ̀ tó ṣòro fún mi jù láti dáhùn ni ti ẹni tó ní “ṣebí àwọn náà máa ń ṣe é sí wa”. Irọ́ kọ́. Wọ́n ti fi àsíá rẹ́ wa jẹ rí, mo wà níbẹ̀, mo rí i.

Ó pẹ́ kí n tó rí èsì ẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹfirí kan ni mo sì ti rí i. Tó bá dé, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń pe àwa méjì tá a fẹ́ di àsíá mú, á ní: “Tí bọ́ọ̀lù bá jáde kẹ́ ẹ fi hàn mí, ọ́fúsáìdì ẹ fi sílẹ̀ fún mi.” Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé. Ó ní torí pé òun ò mọ àsíá wo lòótọ́ àsíá wo nirọ́, torí náà òun ò wo èyíkéyìí mọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Èèyàn kan ṣoṣo ni, ó ń sáré láàárín pápá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, òun náà ló tún fẹ́ mọ ẹni tó wà níwájú ẹni lápá ibi tí ojú ẹ̀ ò tó, ìyẹn ò ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tá a fi ń rí ìdájọ́ tí kò tọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tá a sì ń pariwo lé rẹfirí lórí pé ojú ẹ̀ fọ́. Àwa la fọ́ ọ. Gbogbo kílọ́ọ̀bù tó ti rán ẹni tó ń gbé àsíá irọ́ jáde, títí kan tiwa lọ́jọ́ yẹn, àwa la gba ojú méjì tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fáwọn tó ń bínú sí mi, kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún sọ “àwọn náà máa ń ṣe é” fún mi.

Tí mo bá ń bá àwọn ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, ìtàn Kanu ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Oṣù kejì ọdún 1999 ni, Arsenal ń bá Sheffield United gbá FA Cup, ìdíje ife ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, góòlù kan sí kan ni wọ́n wà, ọmọ Sheffield kan fara pa, gólì wọn mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù jáde kí wọ́n lè tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un jù wọlé, Ray Parlour ti Arsenal jù ú sọ́nà gólì Sheffield láti fi dá a padà fún wọn, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe. Kanu Nwankwo sì rèé, màáṣì tó máa kọ́kọ́ gbá fún Arsenal nìyẹn, kò fura, ó sáré bá bọ́ọ̀lù, ó ta á sáàárín, Overmars ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbá a wọlé, ó di 2-1. Kò sí òfin tí wọ́n rú. Nínú òfin bọ́ọ̀lù mẹ́tàdínlógún, kò sí èyí tó ní dandan ni kó o dá bọ́ọ̀lù padà fún ẹni tó gbá a jáde torí ẹni tó fara pa, nítorí náà rẹfirí ò rí nǹkan ṣe ju kó gbà á ní góòlù. Arsène Wenger, kóòṣì Arsenal, ló sọ lẹ́yìn eré pé kí wọ́n tún un gbá, wọ́n sì tún un gbá lọ́jọ́ 23 oṣù yẹn, Arsenal tún borí, 2-1 náà ni.

Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n lè rí i pé ti Kanu yàtọ̀ sí tèmi. Òun ò mọ ohun tó ń lọ, àlejò ni nínú tíìmù náà. Èmi mọ̀. Èèyàn lè ṣe ohun tí kò tọ́ láìmọ̀ lórí pápá, gbogbo wa la máa ṣe é, kò yẹ ká máa fojú burúkú wo ẹni tó bá ṣe é, ká ṣáà tún un ṣe ni. Èyí tí o mọ̀ tó o sì dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ ti Miroslav Klose, ọmọ Jámánì. Lọ́dún 2012 ó ń gbá fún Lazio, wọ́n lọ bá Napoli gbá, eré ò tíì jìnnà, kò tíì sí góòlù, kọ́nà wá, bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ ẹ̀ wọlé, rẹfirí ò rí i, ó ti fọwọ́ sí i ní góòlù. Klose fúnra ẹ̀ ló sọ fún rẹfirí pé ọwọ́ ni. Wọ́n fagi lé e. Napoli sì nà wọ́n 3-0. Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé, “Kí ló wá rí gbà?” Mi ò ní purọ́ fún wọn pé ó rí nǹkan gbà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi ara wọn sípò rẹfirí yẹn, tí Klose bá tún wá bá wọn lọ́jọ́ mìíràn pé “wọ́n ti mí, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú”, ṣé wọ́n á gbà á gbọ́ àbí wọn ò ní gbà á gbọ́. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa ro ó.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí ńkọ́? Èyí gan-an ló máa ń dùn mí. A ní màáṣì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, rẹfirí tí wọ́n rán wá jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 16 lọ, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ó fọn fọ́ọ̀lù kan, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kò sì dákẹ́ mọ́, gbogbo ohun tí ọmọ náà bá fọn ló ní èsì ẹ̀ lẹ́nu. Èmi wà lẹ́bàá laìnì, mo rí ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn, ó gbé fèrè sẹ́nu, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó sọ fèrè kalẹ̀ láì fọn ún, fọ́ọ̀lù tó yẹ kó fọn ló jẹ́ kó lọ. Ọmọ wa ni wọ́n ṣe fọ́ọ̀lù yẹn sí o. Ariwo bàbá yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ta ọmọ wa nípàá kí wọ́n sì mú un jẹ. Mo lọ bá a, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká jọ rìn lọ sí ẹ̀yìn díẹ̀.” Ó bá mi lọ. Ó bínú sí mi nígbà yẹn, àmọ́ ó bá mi lọ.

Látìgbà yẹn la ti ń ta okùn kan sẹ́yìn laìnì, gbogbo òbí ẹ̀yìn okùn ni, kóòṣì méjèèjì àti bẹ́ǹṣì wọn sì wà lódì kejì, kápténì nìkan ló lè lọ bi rẹfirí ní nǹkan, tó bá sì fẹ́ bi í kó bi í pẹ̀lẹ́. Nínú màáṣì tréníìnì tiwa, ẹni tó bá bú rẹfirí á jáde fún ìṣẹ́jú 10, tíìmù ẹ̀ á máa gbá láìní i. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀, IFAB tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù ti fàyè gbà á látọdún 2017 fún bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé àti ti kílọ́ọ̀bù kéékèèké bíi tiwa. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju káàdì lọ. Ẹni tó gba káàdì yẹ́lò á máa bínú lọ, ẹni tó dúró lẹ́bàá laìnì tó ń wò ó bí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń mí gúlegúle torí ẹnu tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un kó tó mọ ohun tó ṣe.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Kí ọmọ kan wá láti ìbẹ̀rẹ̀ sí ìparí oṣù kó máa fi aṣọ eré jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò dáa, tó bá ti wá sí tréníìnì ó yẹ kó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Kéèyàn ṣubú kó máa yí nílẹ̀ torí pé wọ́n ti ń borí, kí ó sì dìde nígbà tí rẹfirí bá ti wo aago, ọmọ kékeré ń wò ó. Tí tíìmù kejì bá kéré sí wa tá a ti gbá méje wọlé, àwọn kan máa ń ní ká dá góòlù dúró, ká kàn máa ta bọ́ọ̀lù kiri láàárín ara wa. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn rárá, ìyẹn gan-an ni ìfiniṣẹ̀sín. Kí bẹ́ẹ̀kì lọ síwájú, kí àwọn tó ń jókòó wọlé, kí gbogbo wa sì máa gbá a tọkàntọkàn.

Mo tún rí ọmọ nọ́ńbà 11 yẹn. Ìgbà tá a lọ bá wọn gbá lọ́dọ̀ wọn ni, ọrùn ẹsẹ̀ mi ti san, mo wà nínú eré. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ mo lọ bá a, mo ní èmi ni, ó ní òun mọ̀. Mo ní kó má bínú. Ó ní, “Wọ́n sọ fún mi pé ẹ pè.” Ìyẹn náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tá a sọ. Ó gbá góòlù méjì wọlé wa lọ́jọ́ yẹn, ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ní báyìí èmi ni mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di àsíá mú ní kílọ́ọ̀bù wa, èmi ni mo sọ pé kí wọ́n fi í fún mi. Mo máa ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe dúró, pé kí wọ́n máa fẹ̀gbẹ́ sáré kí ojú wọn lè wà nínú pápá, pé ìgbà tí wọ́n ta bọ́ọ̀lù ni kí wọ́n wò, kì í ṣe ìgbà tí ẹni tó máa gbà á gbà á, pé tó bá dọ́gba kò sí ọ́fúsáìdì, pé apá àti ọwọ́ ò sí nínú ohun tí à ń wò, pé kò sí ọ́fúsáìdì tí wọ́n bá fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé láti laìnì tàbí tó bá jẹ́ kọ́nà tàbí tí gólì bá gbé e kalẹ̀ gbá. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 wà lára wọn, ojú ẹ̀ mú gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ń gbá láàárín ara wa, ó di àsíá mú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin wà nínú tíìmù tó ń gbá bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, ó gbá a wọlé, ó ń sáré kiri, ó ń nawọ́ sókè. Ó yíjú, àsíá wà lókè. Ó figbe ta, “Ìwọ! Kí lo rí?” Àwọn kan dá sí i. Ọmọbìnrin náà ò dáhùn, kò sọ àsíá kalẹ̀, apá ẹ̀ nà gbọọrọ títí rẹfirí fi fọn fèrè. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lódì kejì ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ojú ẹ̀ ti pọ́n díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ́fúsáìdì ni lóòótọ́?”

Mo ní, “Ibi tí mo wà yìí, mi ò lè mọ̀. Ìwọ lo bá wọn dọ́gba.”

Ó rò ó wò díẹ̀. “Ọ́fúsáìdì ni,” ló wí, ó sì fẹ̀gbẹ́ sáré padà lọ bá bẹ́ẹ̀kì tó gbẹ̀yìn.